Ètò Ti Lọ, Orúkọ Rẹ̀ Kù: Ìkìlọ̀ Àṣìṣe Tó Ń Yọ Nígbà Tí Wọ́n Bá Tan Kọ̀ǹpútà Ilé

Kété tí wọ́n bá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù sínú kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, kí ẹnikẹ́ni tó rí àyè ṣí nǹkan kan, àpótí kékeré kan lè yọ sí àárín ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sábà ju ìlà méjì sí mẹ́ta lọ. Ó lè sọ pé Windows kò rí fáìlì kan, pé ètò kan kò lè bẹ̀rẹ̀, tàbí pé ètò kan kò bá kọ̀ǹpútà náà mu. Wọ́n á tẹ OK, àpótí á lọ, iṣẹ́ á sì máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì tí wọ́n tan ẹ̀rọ, àpótí ọ̀hún tún dé. Àwọn kan ti tìtorí irú ìkìlọ̀ yìí nu gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì fi Windows mìíràn sí i, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n pa rẹ́.

Orúkọ ni, nítorí pé bí Windows bá ti ń tan, ó máa ń pe àwọn ètò kan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un: èyí tó ń ṣọ́ kòkòrò kọ̀ǹpútà, èyí tó ń dúró de iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èyí tó ń wò ó bóyá àtúnṣe tuntun ti jáde fún ètò mìíràn. Ó dà bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì láàárọ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ti mú lọ sí ilé-ìwé mìíràn ṣì lè wà nínú ìwé orúkọ, olùkọ́ á sì máa pè é lójoojúmọ́ títí ẹnìkan yóò fi fa igi lé e. Windows kì í fa igi lé orúkọ fúnra rẹ̀. Ètò tó kọ orúkọ sílẹ̀ ló yẹ kó pa á rẹ́ nígbà tó bá ń lọ, ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ náà sí ló wá di ìṣòro. Nígbà MS-DOS, fáìlì kan tó ń jẹ́ AUTOEXEC.BAT ni ó ń sọ ohun tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé kà lè ṣí i, kó sì yọ ìlà kan kúrò. Windows 3.1 ní WIN.INI, níbi tí ìlà méjì, load àti run, ti ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí Windows 95 jáde ní oṣù August ọdún 1995, Microsoft kó ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí lọ sínú Registry, àkójọ ńlá tí Windows ń tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ àti ti àwọn ètò sí. Ṣùgbọ́n wọn kò pa àwọn ibi àtijọ́ tì, nítorí kí ètò tó ti wà tẹ́lẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn tó lo Windows 98 kò ní gbàgbé ìkìlọ̀ gígùn kan tó ń sọ pé Registry tàbí SYSTEM.INI dárúkọ fáìlì kan tí kò sí mọ́, tí á sì ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan láti máa bá a lọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ibi ìkọrúkọ ń pọ̀ sí i. Lónìí, orúkọ lè wà nínú fódà Startup, ó lè wà ní oríṣiríṣi ibi nínú Registry, ó lè wà nínú Task Scheduler tí ń ṣètò iṣẹ́ fún àkókò kan pàtó, ó sì lè wà láàárín àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí Windows ń pè ní Services. Ẹni tó wo ibì kan tí kò rí i kò tíì wá a tán.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n ka ìkìlọ̀ náà. Kíkọ rẹ̀ sínú ìwé tàbí yíya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù kí wọ́n tó tẹ OK dára, torí ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni orúkọ fáìlì àti ọ̀nà tó lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá gba inú Program Files, ètò tí wọ́n fi sí kọ̀ǹpútà lọ́nà tó tọ́ ló ni ín nígbà púpọ̀. Bí ó bá gba inú AppData tàbí Temp, ara á fu èèyàn díẹ̀: àwọn ètò rere kan ń gbé inú AppData lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwọn ètò tó bá ètò mìíràn wọlé láìgbàṣẹ fẹ́ràn láti fara pamọ́ sí. Ìparí orúkọ fáìlì náà ń sọ̀rọ̀. Èyí tó parí sí .exe jẹ́ ètò tó lè dá dúró; èyí tó parí sí .dll jẹ́ ẹ̀yà ara tí àwọn ètò ń yá lò. Èyí tó parí sí .vbs jẹ́ ìwé àṣẹ tí Windows ń kà tó sì ń tẹ̀ lé.

Oríṣi ìkìlọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti ètò tó ti lọ tí orúkọ rẹ̀ ṣì kù. Ọ̀nà tí irú rẹ̀ ń gbà ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹnìkan wọ́ fódà ètò kan jù sínú Recycle Bin, ó rò pé òun ti yọ ọ́ kúrò. Ètò tó ń pa kòkòrò kọ̀ǹpútà rí fáìlì búburú kan, ó pa á, ṣùgbọ́n kò pa orúkọ tó ń pè é. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ náà ń mú irú rẹ̀ wá, bí ẹni tó tà á kò bá nù ún mọ́: ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun ti fi ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti kámẹ́rà rẹ̀ sí i, ẹnìkan pa díẹ̀ nínú wọn rẹ́ kí wọ́n tó kó o wá sí Ìkẹjà, ẹni tó rà á ní Computer Village ló wá ń rí ìkìlọ̀ nípa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò fojú rí rí.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n wo inú Settings, ní apá Apps, bóyá ètò náà ṣì wà nínú àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ó bá wà, tí wọn kò sì fẹ́ ẹ mọ́, Uninstall ni kí wọ́n tẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti lọ nítorí pé apá kan rẹ̀ ti sọnù, ọgbọ́n kan wà tó dà bí ìdàkejì: kí wọ́n tún un fi sí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó pé, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá yọ ọ́ lọ́nà tó tọ́. Ètò tó pé pérépéré ló mọ gbogbo ibi tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí.

Bí ètò náà kò bá sí nínú Settings mọ́, Task Manager ló kàn. Wọ́n á di bọ́tìnnì Ctrl àti Shift mú, wọ́n á sì tẹ Esc. Láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní ọdún 2012, ni ojú-ìwé Startup ti wà níbẹ̀, tó ń fi orúkọ àwọn ètò tí Windows ń pè hàn. Windows 10 náà fi irú rẹ̀ sínú Settings ní ọdún 2018. Ṣáájú Windows 8, ètò kékeré tó ń jẹ́ msconfig ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó bá Windows 98 dé, kò sí nínú Windows 2000, ó sì padà wá nínú Windows XP ní ọdún 2001. Ojú-ìwé Startup kì í fi ọ̀nà fáìlì hàn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orí ìlà àkọlé, tó sì yan Command line, ló máa rí ọ̀nà náà, tí á sì lè fi í wé èyí tó kọ láti inú ìkìlọ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, Disable ni kí ó yàn. Disable kò pa nǹkan kan rẹ́. Ó kàn ní kí Windows má pè é mọ́. Bí ó bá wá di pé ètò tó wúlò ni wọ́n dá dúró, títẹ Enable ti tó láti dá a padà.

Nígbà mìíràn, orúkọ kan lásán tó ń jẹ́ Program, tí kò ní àwòrán kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, máa ń wà nínú ojú-ìwé Startup. Ọ̀pọ̀ ń rò pé kòkòrò kọ̀ǹpútà ni. Àlàfo tó wà láàárín Program àti Files ló sábà máa ń fà á. Ẹni tó kọ ètò náà kò fi àmì àyọlò yí ọ̀nà fáìlì rẹ̀ ká, Windows wá kà á dé ibi àlàfo, ó sì dúró síbẹ̀. Windows XP ní ìkìlọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ìyá èyí: bí fáìlì tàbí fódà kan tó ń jẹ́ Program bá ṣèèṣì wà ní ìta gbangba lórí C, á yọ láti sọ pé ó lè da àwọn ètò kan láàmú, á sì ní kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Program1. Ohun kékeré bí àlàfo ti ń da ètò láàmú tipẹ́.

Bí Task Manager kò bá ní orúkọ tí wọ́n ń wá, kí wọ́n di bọ́tìnnì tó ní àmì Windows mú, kí wọ́n tẹ R, kí wọ́n sì kọ shell:startup sínú ibi tó yọ. Fódà Startup ti ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ nìyẹn. Shell:common startup ló ń ṣí ti gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà àbùjá (shortcut) tí fáìlì rẹ̀ ti lọ lè wà níbẹ̀, pípa á rẹ́ kò sì léwu. Lọ́nà kan náà, taskschd.msc ló ń ṣí Task Scheduler, ibi tí ọ̀pọ̀ kì í rántí wò. Ní nǹkan bí ọdún 2013 sí 2014, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń fi ìkìlọ̀ hàn nípa fáìlì kan tó ń jẹ́ BackgroundContainer.dll, èyí tó ṣẹ́ kù lára ètò Conduit, irú ètò tó ń lẹ̀ mọ́ ara ètò ọ̀fẹ́ mìíràn wọlé. Àwọn ènìyàn wá a nínú msconfig títí, wọn kò rí i. Inú Task Scheduler ló wà.

Àpótí tí wọ́n kọ RunDLL sí lórí tún ní àrékérekè tirẹ̀. Fáìlì .dll kò lè dá rìn, rundll32.exe, tó jẹ́ ara Windows, ló ń gbé e. Nítorí náà, orúkọ ẹni tó gbé ẹrù ni Task Manager lè fi hàn, kì í ṣe orúkọ ẹrù. Àwọn kan ti tìtorí èyí fẹ́ pa rundll32.exe rẹ́. Àṣìṣe ńlá ni, nítorí pé Windows fúnra rẹ̀ ń lò ó fún iṣẹ́ púpọ̀. Command line ni yóò fi ẹrù náà hàn.

Bí àkọlé àpótí bá jẹ́ Windows Script Host, tó sì ń sọ pé kò rí fáìlì .vbs kan, ìrìn-àjò fláàṣì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ló sábà máa ń fà á. Kòkòrò gba inú fláàṣì wọlé, ètò ìdáàbòbò pa á, orúkọ rẹ̀ ṣẹ́ kù. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ètò ìdáàbòbò yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò kí wọ́n tó wá orúkọ náà, nítorí pé kòkòrò tí kò tíì kú tán á tún orúkọ kọ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á rẹ́.

Registry ni ibi tó kù, ibẹ̀ ló sì gba sùúrù jù. Àṣẹ tó ń ṣí i ni regedit. Lábẹ́ HKEY_CURRENT_USER, wọ́n á wọ Software, Microsoft, Windows, CurrentVersion, títí dé Run. Irú rẹ̀ wà lábẹ́ HKEY_LOCAL_MACHINE fún gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà. Lórí Windows 64-bit, orúkọ àwọn ètò 32-bit, tí ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ jẹ́, lè wà nínú WOW6432Node. Ìkìlọ̀ kan tún wà tó ń sọ pé Windows kò lè gbé fáìlì kan tí Registry dárúkọ: ìlà Load, àrólé load inú WIN.INI àtijọ́, ló sábà máa ń fa ìyẹn. Kí wọ́n tó pa ìlà kankan rẹ́, kí wọ́n fi Export tọ́jú ẹ̀dà apá náà sí ibì kan, nítorí pé Registry kò ní Recycle Bin. Ìlà tó ń jẹ́ Userinit lábẹ́ Winlogon sì wà lọ́tọ̀. Kòkòrò máa ń so orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ìparí rẹ̀, ẹni tó bá sì fi ìbínú pa gbogbo ìlà náà rẹ́ á rí i pé kọ̀ǹpútà á gba páásíwọ́ọ̀dù, á sì tún lé e síta lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n so mọ́ ọn nìkan ni kí wọ́n yọ. Kí wọ́n fi userinit.exe sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ rìn káàkiri báyìí lè lo Autoruns. Mark Russinovich àti Bryce Cogswell ló ṣe é, Microsoft sì ra ilé-iṣẹ́ wọn ní ọdún 2006. Ọ̀fẹ́ ló ṣì wà lórí ìkànnì Microsoft. Ó ń kó gbogbo ibi ìkọrúkọ jọ sójú kan, ó sì ń fi àwọ̀ yẹ́lò kun àwọn tí fáìlì wọn kò sí mọ́. Yíyọ àmì tó wà níwájú orúkọ kan ti tó láti dá a dúró láì pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá jẹ́ yẹ́lò tí kò sì mú ìkìlọ̀ kankan wá, fífi í sílẹ̀ ló dára. Yẹ́lò wà lórí Windows tí ara rẹ̀ le koko.

Oríṣi kejì yàtọ̀: ètò ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan tó ń yá lò kò sí. Ìkìlọ̀ rẹ̀ lè sọ, bí àpẹẹrẹ, pé ètò kò lè bẹ̀rẹ̀ nítorí pé MSVCR100.dll kò sí lórí kọ̀ǹpútà. Visual C++ ti ọdún 2010, irinṣẹ́ Microsoft tí wọ́n fi ń kọ ètò, ló ni fáìlì náà. Ti ọdún 2008 ni MSVCR90, ti ọdún 2013 ni MSVCR120, láti ọdún 2015 ni VCRUNTIME140 sì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe ni kí wọ́n lọ gba fáìlì .dll kan ṣoṣo láti ọwọ́ àwọn ìkànnì tó ń pín in kiri. Wọ́n lè gba kòkòrò mọ́ ọn, tàbí ẹ̀dà tí kò bá ètò mu. Visual C++ Redistributable ti ọdún tó bá orúkọ fáìlì mu ni kí wọ́n gbà láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Lórí Windows 64-bit, èyí tó jẹ́ x86 (ti 32-bit) àti èyí tó jẹ́ x64 (ti 64-bit) ló yẹ kó wà, torí pé ètò 32-bit kò lè lo ti 64-bit. Bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀, nọ́ńbà 0xc000007b ló sábà máa ń yọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: fódà System32 ló ń gba fáìlì 64-bit, SysWOW64 ló sì ń gba 32-bit. Orúkọ méjèèjì ta ko iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni Microsoft fi í sílẹ̀ kí ètò àtijọ́ má bàa bàjẹ́. Àwọn ètò kan tún ń béèrè fún .NET Framework 3.5, tí kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows 10 títí wọ́n á fi tàn án. Bí Windows bá ní òun fẹ́ gbà á wá, kí wọ́n gbà fún un.

Ọjọ́ orí ètò ló ń fa oríṣi kẹta. Ètò 16-bit, irú èyí tí wọ́n ṣe fún Windows 3.1, kò lè ṣiṣẹ́ lórí Windows 64-bit rárá, Windows 11 kò sì ní ẹ̀dà 32-bit. Kò sí ohun tí wọ́n lè tún ṣe lára irú ètò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. DOSBox lè gbé eré àti ètò MS-DOS, ẹni tó bá sì nílò Windows àtijọ́ gan-an lè gbé e sínú VirtualBox, ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà. Ti 32-bit kò burú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ètò náà, wọ́n á yan Properties, lẹ́yìn náà Compatibility, wọ́n á sì ní kí Windows ṣe bí ẹ̀dà tí wọ́n kọ ètò náà fún. Ètò tó ń fẹ́ àṣẹ alábòójútó ní ìṣòro mìíràn: láti ìgbà Windows Vista ni Windows kì í ti í jẹ́ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tinú Run bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sínú Task Scheduler, tí wọ́n sì fi àmì sí Run with highest privileges, ó máa bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àpótí tó bá ní nọ́ńbà fóònù nínú, tó ní kí wọ́n pè kí kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́, kò sí nínú gbogbo èyí. Microsoft kì í fi nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ àṣìṣe. Kí wọ́n ti í pa, kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ìkìlọ̀ tí kò dárúkọ fáìlì kankan. Fún irú rẹ̀, wọ́n á ṣí msconfig, wọ́n á lọ sí Services, wọ́n á fi àmì sí Hide all Microsoft services, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá gbogbo èyí tó kù dúró. Wọ́n á ṣe bákan náà sí àwọn tó wà nínú Task Manager, wọ́n á sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Bí ìkìlọ̀ kò bá yọ mọ́, wọ́n á dá ìdajì àwọn tí wọ́n dá dúró padà, wọ́n á tún tàn án. Bí ó bá yọ, ìdajì yẹn ló ni ẹjọ́. Bí kò bá yọ, ìdajì kejì ni. Bí wọ́n bá ń pín in báyìí, kò ní pẹ́ tí ètò kan ṣoṣo á fi kù. Kí wọ́n má tẹ Normal startup lẹ́yìn tí wọ́n bá rí i, nítorí pé ìyẹn á dá gbogbo rẹ̀ padà, títí kan èyí tó fa ìkìlọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tan àwọn tó kù.